Kéèkì Ẹlòmíràn Lójú Ọ̀nà Cusco

Peckham,
Ọjọ́ Sátidé.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní bi ẹ́ pé ṣé àlàáfíà lo wà. Sátidé tó kọjá lo jókòó síwájú mi nínú pálọ̀ yìí, o jẹ ìrẹsì, o tún bù kún un. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí o ti lọ. O gbé Àmínà ọmọ rẹ lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, o ní, "Mummy, iṣẹ́ Dubai yẹn ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ o. Two years péré ni. Lateef bàbá ẹ̀ ò lè dá mú u, orí òkun ló máa ń wà nídìí epo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yin náà ti retire, yàrá kan sì ṣófo níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Mo ní kí o fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi rò ó. Ọ̀sẹ̀ náà ti pé. Èsì rẹ ni mò ń kọ yìí, ó sì máa gùn, torí mi ò ní kọ irú ẹ̀ mọ́.

Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí pé o máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, o máa ní "Mummy, it's fine, it's fine." Kò fine. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, torí ohun tó wà nínú mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. O máa kà á, bó bá tiẹ̀ pẹ́. Yunifásítì lo ti kọ́ Yorùbá, níwájú bọ́ọ̀dù, bí òyìnbó ṣe ń kọ́ ọ. Èmi ìyá rẹ kọ́ ni mo kọ́ ẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Jókòó, kí n fi ibi tí mo ti ṣubú hàn ẹ́.

Ìkíní. Má sọ "ọdún méjì péré" sí mi létí mọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí a bí ẹ, yàrá kan ṣoṣo lèmi àti bàbá rẹ ń gbé ní Walworth. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ń kàwé ìṣirò owó. Èmi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell, mo sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní kùtùkùtù kí n tó lọ síbẹ̀. Onílé ní òun ò fẹ́ igbe ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà ń ṣe nílùú yìí nígbà yẹn ni pé ká gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó kan ní ìlú kékeré, kó máa bá wa tọ́ ọ títí a ó fi parí ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ohun búburú. Ọ̀rẹ́ ń júwe fún ọ̀rẹ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ etí òkun dára, wọ́n ní ọgbà wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ní ọmọ á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ọba. Nílé wa lọ́hùn-ún, ṣebí ìyá àgbà ló ń báni tọ́mọ, ṣebí àbúrò ẹni ló ń báni tọ́mọ? A rò pé bákan náà ni. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ẹ́ nígbà tí mo gbé ẹ fún Pam. Wàrà ọmú mi ń ro sí mi láṣọ nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń padà bọ̀.

Ọdún méjì péré, mo ní. Bàbá rẹ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó di mẹ́ta. Èmi parí ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n kọ́ ti agbẹ̀bí kún un, ó di márùn-ún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ́ kí n tó wá kó ẹrù rẹ, o di ìlẹ̀kùn Pam mú, ìka kọ̀ọ̀kan la fi tú ọwọ́ rẹ kúrò lára ẹ̀.

Mi ò pa ẹ́ tì o. Kí n má parọ́ mọ́ ara mi. Ọjọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù, mo máa ń wọkọ̀ ojú irin wá wò ẹ́. Mo máa ń ra aṣọ fún ẹ lọ́jà East Street, bí mo ṣe rántí ìwọ̀n rẹ sí. Gbogbo ìgbà ló máa ń kéré jù. Pam á gbà á, á ní "lovely", á kó o sínú dúrọ́ọ̀. Ìwọ á dúró lẹ́yìn ẹ̀, wàá ní, "Hello, Aunty." Pam ò ní inú burúkú tó fi kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo obìnrin dúdú tó ń wá sílé ẹ̀ ló ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní Aunty. Èmi náà, mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Òmùgọ̀ obìnrin! Inú mi ń dùn pé ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí o ń pè mí.

Ìkejì. Má rò pé ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan lè dí àlàfo ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èmi fi aṣọ gbìyànjú ẹ̀. Ìwọ fi ọkọ̀ ojú irin gbìyànjú ẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí o bí Àmínà, o pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ, níbi tí ẹ ti ń ta ìrìn àjò fún àwọn olówó. O ní, "Mummy, ṣé ẹ lè gun òkè?" Mo ní òkè wo? O ní ọkọ̀ ojú irin aláfẹ́ kan wà ní Peru tó ń gba àárín òkè lọ sí Cusco, ìlú àtijọ́ tí àwọn ọba ibẹ̀ ti ń jọba kí òyìnbó tó dé, pé èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. Háà! Mo sunkún sórí fóònù. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ, èmi àti ìwọ ò tíì jọ rin ìrìn àjò kankan rí, àfi èyí tí mo fi gbé ẹ lọ sílé Pam àti èyí tí mo fi mú ẹ bọ̀ láti ibẹ̀. Mo ròyìn ẹ̀ délé dóko. Àwọn ìyá àsàlátù wa gbọ́, ẹlẹ́ran tí mò ń bá rà ní Rye Lane gbọ́, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò gbọ́. Mo ní ọmọ mi ń gbé mi lọ síbi tí ẹsẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni kò dé rí nínú wọn. Mo di gààrí, mo dín ata, mo rán ìró àti bùbá tuntun, mo ra kóòtù tó nípọn sí i.

Ọkọ̀ náà dára, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Láàárọ̀ ló gbéra láti ìlú kan létí adágún omi. Àga onítìmùtìmù, aṣọ funfun lórí tábìlì, ife tó ń dán, yàrá onígíláàsì lẹ́yìn ọkọ̀ tí èèyàn ti lè máa wo òkè sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ẹran kan ń jẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bí àgùntàn tí wọ́n fà lọ́rùn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo wé gèlè mi, mo jókòó bí ọlọ́lá, mo ń wò ẹ́ níwájú mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Risikátù, ọmọ yìí ti dárí jì ẹ́.

A jẹun ọ̀sán tán. Ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ bá jáde, àwọn mẹ́rin, onígìtá kan lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé kéèkì síwájú mi, àbẹ́là ń jó lórí ẹ̀. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú kéèkì. Wọ́n fi ṣúgà kọ ọ́ gàdàgbà: Happy 80th, Nana Pam.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ náà. Mo wò ẹ́. Ojú rẹ ti pọ́n. O tẹ̀ sí mi létí, o ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà smile. Mo gbàgbé láti cancel ẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Pam lo ṣètò ìrìn àjò yẹn fún, fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ẹ̀. Pam sì ti kú lóṣù mẹ́ta ṣáájú. Èmi náà bá ẹ lọ síbi ìsìnkú, mo gbé òdòdó dání. Àga kan ṣófo, o kò fẹ́ wo òfìfo rẹ̀, ni o bá rántí mi.

Mo rẹ́rìn-ín o. Mo fẹ́ àbẹ́là pa. Mo gé kéèkì ẹlòmíràn, mo pín in fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n ń ní "God bless you, Nana." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo jẹ nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Kò tíì tán. Ọkọ̀ ń gun òkè lọ, ó débi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó mí mọ́. Orí ń fọ́ mi, èémí mi ń já. Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ sáré dé, ó fi ẹ̀rọ ìmí bò mí nímú, ó wá kọjú sí ẹ. Ó bi ẹ́ bóyá ìyá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wo ló ń lò, kí ni ara ẹ̀ kì í gbà. Ìwọ tí o mọ gbogbo oògùn Pam, tí o ń tò ó sínú àpótí fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ti èmi, o ò mọ ẹyọ kan. Mo fẹ́ bínú lábẹ́ ìbòmú yẹn. Àmọ́ mo ronú kàn án pé, bó bá jẹ́ ìwọ ló dùbúlẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì bi èmi léèrè, kí ni mo máa fọ̀? Ẹnu Pam ni mo ti gbọ́ pé o ní ásímà, o sì ti ní in fún ọdún kan kí n tó gbọ́. Èmi náà rèé, tí mo mọ oògùn gbogbo aláìsàn inú wọ́ọ̀dù mi, bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì.

Ìkẹta nìyẹn. Iṣẹ́ kì í rántí ẹni. Mo fi ọjọ́ ìbí rẹ márùn-ún ṣe shift fún wọ́ọ̀dù yẹn, torí wọ́n ní èèyàn ò tó. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Lọ́dún tó kọjá mo gbabẹ̀ kọjá, ọmọge kan dá mi dúró, ó ní, "Aunty, ẹ ti ṣìnà." Àwọn ará Dubai náà á yìn ẹ́, wọ́n á fún ẹ ní ọ́fíìsì onígíláàsì. Lọ́jọ́ tí o bá kúrò, wọ́n á gbé ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ kí tíì rẹ tó tutù.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ Cusco láti àárọ̀, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ìlú náà rẹwà, n ò purọ́. Òkúta ńláńlá ni wọ́n fi mọ ògiri, kò sí símẹ́ǹtì, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn. Afinimọ̀nà ní òyìnbó wó ilé àwọn ọba, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé ìpìlẹ̀ ẹ̀ lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mì, ti òkè ya lulẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò mira. Ìwọ ń ya fọ́tò ògiri. Èmi ń wo àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n pọnmọ! Aṣọ aláràbarà ni wọ́n fi gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n wá so ó láyà. Ọ̀kan ń ta ọ̀dùnkún sísè nídìí ògiri, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ọmọ ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn o. Ojú ẹ̀ hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀.

Mo ní, "Àṣàkẹ́, mo pọ̀n ẹ́ báyìí rí." O ò gbé kámẹ́rà sílẹ̀. O ní, "Fún oṣù mẹ́ta, Mummy. Then you gave me away." O ò pariwo. Ì bá sàn kó o pariwo. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi Alhaja, mo sunkún lójú ọ̀sán gangan, àwọn àlejò ń yà fún mi bí omi ṣe ń yà fún òkúta. O wá jókòó tì mí. O ò fọwọ́ kàn mí. O ní, "I'm sorry about the cake." Mo ní kò tó nǹkan. Irọ́ la jọ pa fún ara wa, a sì ti ń pa á bọ̀ láti ìgbà náà.

Mi ò mọ ìkelòó ló kàn, má bá mi ka nọ́ńbà. Èyí tí mo fẹ́ sọ nípa Pam ni pé kò ṣe nǹkan burúkú kan. Bó bá jẹ́ pé ó nà ẹ́ ni, bó bá jẹ́ pé ebi ló fi pa ẹ́, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Ó fẹ́ràn ẹ. Ó jókòó tì ẹ́ nígbà tí o ń wú ikọ́. Ó kọ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́. Gbogbo nǹkan tó yẹ kí n ṣe, ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òun, tí kò bí tirẹ̀, ọmọ mi ló filẹ̀kẹ̀ sí nídìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà? Ẹni tó bá gbé ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó má gbàdúrà pé kí onítọ̀hún ṣìkà, kí ó má sì gbàdúrà pé kó ṣoore. Méjèèjì ló máa dùn ún.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Nígbà tí o gbé Àmínà lé mi lẹ́sẹ̀ tí o dá ọ̀rọ̀ Dubai sílẹ̀, ǹjẹ́ o mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn? Ayọ̀ ni. Ayọ̀ burúkú. Kí o tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí yàrá yẹn lọ́kàn mi. Mo ti ń pọ̀n ọ́n lọ sí Rye Lane. Mo ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá àti Fátíà. Mo ní Ọlọ́run ti dá ọmọ mi padà fún mi, lọ́tẹ̀ yìí mo máa tọ́ ọ bó ṣe yẹ. Mo tún ronú kan ìwọ, lórí fóònù, tí o ń juwọ́ sí i láti Dubai, tí òun ń sá sẹ́yìn mi. Ojú kò tì mí. Mo ní kó ṣe ẹ́ bó ṣe ṣe mí, kí o lè mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ló rò bẹ́ẹ̀, tí Kùránì wà lórí tábìlì níwájú ẹ̀. Àsítàgàfírúlàáhì. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú èrò yẹn, kò sì tíì kúrò pátápátá.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Bí o bá ń lọ sí Dubai, gbé ọmọ rẹ dání. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo máa wá. Sọ fún Lateef kó bá mi gba físà Dubai, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa wá lò. Èmi á wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, èmi á fún un lóúnjẹ. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti dún lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́, mo máa gbé e lé ẹ lọ́wọ́, mo máa wọ yàrá mi lọ, mo sì máa ti ìlẹ̀kùn, kó sunkún mi, kó má sunkún mi. Kí ó rẹ̀ ẹ́, kí aṣọ iṣẹ́ rẹ dọ̀tí, kí o máa fọkàn sí ìpàdé kí o sì máa fọwọ́ kan rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní àwọn ò fẹ́ ọmọ, kí iṣẹ́ yẹn máa lọ ní tiẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa bínú sí mi. Bínú, ó ti mọ́ mi lára.

Má wá sọ fún Lateef pé Mummy ní àwọn ò lè tọ́mọ mọ́, pé àgbà ti dé. Mo lè tọ́ Àmínà. Mo máa tọ́ ọ ju bí mo ṣe tọ́ ẹ lọ. Á yó, á mọ́, á sùn dáadáa, á fẹ́ràn mi. Kó tó pé ọdún kan, èmi ni yóò máa pè ní Mummy.

Ìdí tí mi ò fi ní gbà á nìyẹn.

Ìyá tó bí ẹ,
Risikátù.